Ìwé Àwọn Ọmọdé Lórí Òkè Fádà

Ọ̀fọ̀ kì í gbó. Ẹni tí kò bá gbà, kó gun Òkè Fádà lápá ìlú Ìrawọ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí ìjọ Àgùdà ń ṣe ìrántí àwọn òkú wọn. Yóò rí arúgbó tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, tí yóò fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì nítorí pé wọ́n pe orúkọ ọmọ ọdún mẹ́ta kan tí ìgbóná pa ní 1931, tí yóò sì dáhùn bí ọmọ iléèwé pé, “Ó wà níbí.” Àṣà ibẹ̀ nìyẹn. Àwọn Fádà òyìnbó tó kọ́kọ́ dé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tí ìgbóná gbá àwọn ọmọdé agbègbè náà lọ. Wọ́n ra ìwé ńlá kan, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ṣe ìsàmì kó tó kú sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n máa kà á lọ́dọọdún. Kì í ṣe pé kí a máa bẹ Ọlọ́run fún àwọn ọmọ náà o, ọmọ tó ti ṣe ìsàmì kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Àwọn ni kó máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Mẹ́ta nínú àwọn Fádà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ọ̀hún wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì dòní, lábẹ́ òkúta. Ibà ló pa wọ́n. Ìwé kò kú.

Ní ọdún 1978, Mọ́ládé wà lára àwọn tó ń gun òkè náà. Aránṣọ ni ní Ìlùá, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe mọṣẹ́ tó, “ìyàwó Tíṣà” ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọdún kẹjọ rèé tó ti wọ ilé Adétúnjí, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyàwó ló ṣì jẹ́, nítorí ọmọ ní í sọ ìyàwó di ìyá. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé ọkọ lọ́dún kan náà ti di Ìyá Àpọ́nlé, wọ́n ti di Ìyá Níkẹ́. Òun náà bímọ. Ó bí ọkùnrin ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ọmọ náà lò láyé, ọjọ́ kẹjọ ni à ń sọmọ lórúkọ, ọmọ tí kò bá sì lórúkọ, kí ni wọn yóò fi pe ìyá rẹ̀?

Irọ́ kan ló gbé e dé orí òkè yìí. Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Nígbà tí ọmọ náà kú, Tíṣà kò sí nílé. Kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan ni ìjọba pe àwọn olùkọ́ sí ní Ìbàdàn, ìyàwó rẹ̀ sì rọbí lẹ́yìn tó lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé ọkùnrin ni, ó sì tọrọ àyè kó lè délé ní ọjọ́ keje. Ó dé lóòótọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù tòun tàgbò, ìgò oyin àti ataare àti orógbó nínú àpò ìwé rẹ̀, ó ń pariwo kí àwọn ará ilé láti ìta. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àwọn àgbà ti sin ọmọ náà ní àná. Tíṣà kò rí i láàyè, kò rí i lókùú, wọn kò sì fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn án, nítorí a kì í fi irú ibojì bẹ́ẹ̀ han òbí.

Ó jókòó sí etí ibùsùn Mọ́ládé. Kò sunkún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í.

“Ṣé wọ́n ṣe ìsàmì fún un?”

“Wọ́n ṣe é,” ni Mọ́ládé wí. “Nọ́ọ̀sì Florence ló da omi sí i lórí.”

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó ní, “Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.” Ìgbà yẹn ló tó wá sunkún.

Omi kankan kò kan orí ọmọ náà ju èyí tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ọjọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó sì kọ ọmú. Nọ́ọ̀sì Florence, obìnrin bí ẹni àádọ́ta ọdún tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà bíi tiwọn, wá dúró ti Mọ́ládé ní ilé ìgbẹ̀bí. Ó ní, “Ìyàwó Tíṣà, Fádà kò lè débí kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n sì ti kọ́ wa pé bí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́, ẹnikẹ́ni nínú wa lè ṣe ìsàmì. Sọ orúkọ kan fún mi, kí n da omi sí i lórí.” Mọ́ládé gbá ọmọ mọ́ àyà, ó ní rárá. Ta ní í sọmọ lórúkọ ní ọjọ́ karùn-ún? Ọmọ tí wọ́n bá sọ lórúkọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, wọ́n ti kádìí rẹ̀ nìyẹn. Baba rẹ̀ ló ni orúkọ, baba rẹ̀ sì ń bọ̀. “Ọmọ tó bá pé ọjọ́ kẹjọ là ń sọ lórúkọ, mà,” ló wí. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ọmọ ti lọ.

Láti ìgbà náà ni Mọ́ládé ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun fi ọwọ́ òun ti ilẹ̀kùn ọ̀run mọ́ ọmọ òun. Bó bá ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rò ó. Bó bá ń wọn aṣọ fún aboyún, ó ń rò ó, ẹ̀rù a sì máa bà á kí aboyún náà má rí i lójú òun. Ṣùgbọ́n irọ́ tó pa wo ọkọ rẹ̀ sàn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó padà sí ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ dúró, ó ní àwọn méjèèjì yóò lọ sí Òkè Fádà, kí wọ́n lọ kọ orúkọ ọmọ náà sínú Ìwé Àwọn Ọmọdé.

Orúkọ náà ló wá di wàhálà Mọ́ládé. Bàbá Tíṣà ló fi í sílẹ̀ fún un kó tó kú, Tíṣà kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bàbá ọmọ a máa pa orúkọ mọ́ sínú títí di òwúrọ̀ ìkómọ. “O máa gbọ́ ọ lókè,” ló máa ń wí. Oṣù mẹ́jọ ni Mọ́ládé ti ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tí kò mọ bí yóò ṣe pè é. Bó bá jí láàárọ̀, tó fẹ́ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ a dúró sí àárín ẹnu. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé, wọn yóò pè é, òun yóò sì gbọ́ ọ, òun yóò dìde bíi ti àwọn ìyá yòókù, òun yóò ní, “Ó wà níbí.” Nǹkan tó fẹ́ láyé kò ju ìyẹn lọ. Ìfẹ́ yìí náà ni kò sì jẹ́ kó lè fa irọ́ náà padà.

Ọyẹ́ ti dé lọ́dún yẹn kó tó yẹ kó dé. Àwọn ọdẹ ti sun igbó, eérú wà lára gbogbo nǹkan, àwọn igi ẹ̀mí tí à ń rí òrí lára wọn dúró láàárín rẹ̀, wọ́n dúdú láti ìdí dé ìdajì. Òkè náà fúnra rẹ̀, àpáta gbalaja ni. Àwọn Fádà gbẹ́ àtẹ̀gùn sí i lára, wọ́n sì fi àgbélébùú irin sàmì sí ibi márùn-ún tí ènìyàn ti lè sinmi kó ka àdúrà. Àwọn èrò ti Ṣakí àti Ìsẹ́yìn wá, wọ́n ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, ètè gbogbo wọn funfun, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́ wọn. Tíṣà wà níwájú, ó gbé àbẹ́là kan dání bí ẹni gbé ẹyin.

“Ṣé o lè rìn?”

“Mo lè rìn, Tíṣà.”

Ní ibi ìsinmi kẹta, ó jókòó, ó mu omi, ó gbé ike omi fún un. Orí páànù àwọn ilé Ìrawọ̀ ń tàn fírífírí nísàlẹ̀ nínú kùrukùru ọyẹ́.

“Mọ́ládé, nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹ.”

Mọ́ládé gbé ike omi náà sílẹ̀. Ó rò pé orúkọ ni.

“Bàbá Ògúndìran tó ń tọ́jú ìwé ní ọmọ tí kì í bá ṣe Fádà ló ṣe ìsàmì fún un, ẹni tó da omi gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Mo kọ̀wé sí Nọ́ọ̀sì Florence ní Ṣakí tí wọ́n gbé e lọ. Mi ò tiẹ̀ ṣàlàyé púpọ̀, mo kàn ní kó wá bá wa ṣe ìrántí ọmọ náà. Ó ní òun ń bọ̀. Á ti wà lókè báyìí.”

Mọ́ládé di àgbélébùú irin náà mú. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tiẹ̀ rí ọdún kan lò. Ó la ẹnu láti sọ ọ́ níbẹ̀, lójú ọ̀nà, kó tó di pé wọ́n dé iwájú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti ń sọ̀rọ̀ lọ, kò wo ojú rẹ̀.

“Ojú ń tì mí pé inú mi dùn. Ibi òkú là ń lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mi ò rí, n ó rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Èmi ti rí nǹkan kan nínú rẹ̀ nìyẹn.”

Mọ́ládé fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó dìde.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò tóbi. Òkúta ni ògiri rẹ̀, àwọn ènìyàn ló fi orí ru ú láti ìsàlẹ̀, òjò àti oòrùn sì ti sọ páànù orí rẹ̀ di pupa. Nọ́ọ̀sì Florence dúró lábẹ́ agogo, ó wọ aṣọ funfun bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Kí Mọ́ládé tó lè ṣáájú, Tíṣà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta.

“Ẹ ṣé, mà. Omi tí ẹ dà sí ọmọ mi lórí yẹn, Ọlọ́run ló máa san án fún yín. Òun ló mú mi dúró.”

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà nílẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo Mọ́ládé. Ó ní, “Ẹ dìde, Tíṣà. Ẹ dìde.”

Tíṣà dìde, ó gbọn eérú aṣọ rẹ̀, ó ní òun ń lọ wo bóyá Bàbá Ògúndìran ti ráyè. Ó ku àwọn obìnrin méjèèjì.

“Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún un?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé o mọ ohun tí o gbé lé mi lórí?”

“Mo mọ̀.” Omi ti kún ojú Mọ́ládé. “Ẹ má sọ ọ́ nítorí tèmi. Ẹ wo bó ṣe ń rìn. Kò rìn báyìí láti oṣù kẹta.”

Nọ́ọ̀sì Florence tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Ó ti rí òkú ọmọ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Tíṣà yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, nítorí ó gbà pé ó yẹ kí òun ṣe agídí lọ́jọ́ náà. “Ó dáa,” ló wí. “N ó sọ pé mo dà á. Kí Ọlọ́run bá mi ṣírò rẹ̀ tó bá yá.”

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ibẹ̀ ni Bàbá Ògúndìran jókòó sí. Wọ́n ní Pọ́ọ̀lù ni àwọn Fádà sọ ọ́ nígbà ìsàmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú kò gbà, òun náà kò bá wọn jà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó wà lára àwọn tó fi orí ru òkúta ilé náà nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ìwé náà wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, awọ màlúù lára, ó nípọn bí ìrọ̀rí. Kì í fi bírò kọ ọ́. Ó ṣí ìgò tàdáwà, ó ri gègé bọ̀ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n nù lẹ́ẹ̀kan.

“Ọjọ́ wo ló kú?”

Tíṣà sọ ọ́.

“Ta ló ṣe ìsàmì fún un?”

“Nọ́ọ̀sì rèé, bàbá.”

Baba arúgbó fa àgbélébùú igi kan jáde lábẹ́ àwọn ìwé, ó tì í sí iwájú Nọ́ọ̀sì. “Gbé e lọ́wọ́, ọmọ mi. Sọ pé ìwọ lo da omi sí ọmọ yìí lórí ní orúkọ Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Lẹ́yìn náà, baba rẹ̀ á sọ orúkọ rẹ̀ fún wa.”

Orúkọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó ku gbólóhùn kan. Nọ́ọ̀sì Florence na ọwọ́, ó gbé àgbélébùú náà. Ọwọ́ yẹn ni Mọ́ládé ń wò. Ọwọ́ tó fi ṣíbí kán omi sí ọmọ òun lẹ́nu ni, òun kan náà ló na ife omi sí òun lẹ́ẹ̀mejì tí òun kọ̀. Ojú tì í débi pé ooru mú un nínú ọyẹ́. Kò tíì pinnu nǹkan kan tí ohùn fi jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Kò dà á.”

Tíṣà yíjú. “Kí lo wí?”

“Nọ́ọ̀sì kò da omi kankan. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun dà á, èmi ni mo kọ̀. Mo ní ọmọ tó bá pé ọjọ́ kẹjọ là ń sọ lórúkọ. Irọ́ ni mo pa fún yín, Tíṣà. Ọmọ náà kò ṣe ìsàmì.”

Wọ́n ń gbọ́ àwọn èrò tó ń kọrin wọlé lóde. Bàbá Ògúndìran gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣọ́ra kí tàdáwà má kán sórí ìwé.

“Nítorí orúkọ?” ló bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ìyàwó, omi la fi ń ṣe ìsàmì. Ẹ lè dà á sí i lórí láìpe orúkọ kankan, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ mímọ́ náà, kí baba rẹ̀ wá sọ ọ́ lórúkọ tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín?”

Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Nọ́ọ̀sì Florence gbé àgbélébùú padà sórí tábìlì, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. “Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé kí a pe orúkọ, bàbá,” ló wí. “Mo rò pé láìsí orúkọ, kò ní jẹ́.” Mọ́ládé kò lè wò ó. Ife omi kan ni, ọ̀rọ̀ tí kò gùn ju àdúrà oúnjẹ lọ ni, àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ náà fún odidi ọjọ́ kan.

“Àánú Ọlọ́run pọ̀ ju ìwé yìí lọ,” ni Bàbá Ògúndìran wí. “Mo gba ìyẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ ọ́. Àwọn tó fi ìwé lé mi lọ́wọ́ wà lẹ́yìn ilé yìí, wọn kò fún mi láyè rẹ̀.” Ó dé ìgò tàdáwà rẹ̀.

Tíṣà mú àbẹ́là rẹ̀ lórí tábìlì. “Ẹ ṣé, bàbá,” ló wí, ó sì jáde.

Wọ́n jókòó gbọ́ Mísà, nítorí kò sí ibòmíì tí wọ́n lè lọ. Tíṣà wà lápá àwọn ọkùnrin, Mọ́ládé lápá àwọn obìnrin. Nígbà tó yá, Bàbá Ògúndìran gbé ìwé dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti 1931. Ó gbà tó wákàtí kan. Ìyá arúgbó tó jókòó ti Mọ́ládé dìde nígbà mẹ́ta, fún ọmọ mẹ́ta, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń jókòó padà, bí ẹni tí wọ́n kí dáadáa. Ọmọ mẹ́rin ló kú sí 1978. Wọ́n pe ẹnì kẹrin, baba kan dáhùn, Bàbá Ògúndìran sì wo ojú ìwé tó ṣófo nísàlẹ̀, ó pa á dé. Ó dun Mọ́ládé dé egungun. Ó fi iborùn rẹ̀ di ẹnu, torí ìyá tí àkọ́bí rẹ̀ kú lọ́mọ ọjọ́ mẹ́fà kì í sunkún ní gbangba, wọ́n ní kò ní jẹ́ kí òmíràn wá.

Tíṣà ló tún ṣáájú nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Kò yára, kò sì dúró. Ní àwọn ibi tí àtẹ̀gùn ti ń yọ̀, ó ń dúró títí tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, kó tó máa lọ. Wọ́n dé etí títì. Àwọn èrò kan ti wà níbẹ̀, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Tíṣà lọ dúró sọ́tọ̀ lábẹ́ igi irúgbá kan, Mọ́ládé sì bá a níbẹ̀.

“Tíṣà, n kò ní kẹ́ ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ bínú bó bá ṣe wù yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Èmi nìkan. N kò ní pè é síta láéláé.”

Ọkùnrin náà ń wo ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà yọ.

“Orúkọ ta ni?”

“Ọmọ wa.”

Ó yíjú sí i. Ojú rẹ̀ pọ́n, eruku ọyẹ́ ti wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀, lójijì ó dà bí bàbá rẹ̀ tó ti kú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè. Bó ṣe máa ń tún ìṣirò sọ fún ọmọ tí kò tètè gbọ́ ló ṣe sọ ọ́.

“Ọmọ tó bá pé ọjọ́ kẹjọ là ń sọ lórúkọ. Ìwọ náà lo sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ láti apá Ṣakí, ó dúró. Tíṣà kọ́kọ́ gùn ún. Ó na ọwọ́ sí Mọ́ládé nísàlẹ̀, ó fà á sókè, ó sì sún mọ́ pákó kí ìyàwó rẹ̀ lè rí ibi jókòó.